Bẹ́ ẹ ṣe lè fi ilé ẹ̀rọ ìlọ̀ ṣe iṣẹ́ mísọ́n, kó má sì kógbá sílé láàárín ọdún kan

Àwa tá a wà nídìí iṣẹ́ mísọ́n ti rí èyí títí ó ti sú wa. Ṣọ́ọ̀ṣì kan á rán ẹnì kan lọ síbi tí ìhìnrere ò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀, wọ́n á ra ẹ́ńjìnnì ìlọ̀ fún un kó má bàa máa dúró de owó oṣù láti ilé, wọ́n á gbàdúrà sórí ẹ́ńjìnnì, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á gbé e sórí WhatsApp, ìgbà tó bá fi máa di ọdún tó tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀tì ti já, kò sówó láti ra òmíì, àwìn ti wà nígboro, mísọ́nárì ti padà sídìí kó máa tọrọ owó. Àwọn ará ìlú á wá máa sọ pé àwọn onígbàgbọ́ yẹn dé, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì lọ. Ẹni tó bá tún fẹ́ wàásù níbẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ ẹ̀ ti di méjì.

Ilé ẹ̀rọ ìlọ̀ ní agbègbè Borgu ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, ìyẹn apá Kwara tí Kaiama àti Baruten wà, Kosubosu, Okuta, Ilesha Baruba, àwọn ibẹ̀ yẹn. Àwọn Bàrìbá ló nilẹ̀, Fúlàní wà níbẹ̀, Yorùbá oníṣòwò àti àgbẹ̀ náà wà níbẹ̀, mùsùlùmí ló sì pọ̀ jù. Tó bá jẹ́ télọ̀ lẹ fẹ́ ṣe, tàbí búrẹ́dì, tàbí kẹ́ ẹ máa fi sólà ṣáàjì fóònù, ìgbésẹ̀ ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, iye owó ló máa yí padà.

Èrò tèmi ni pé òwò tí kò bá lè bọ́ ara ẹ̀ máa di ẹrù lórí mísọ́n, àti pé òṣùwọ̀n yín àti ìwé owó yín ni ìlú máa kọ́kọ́ kà kí wọ́n tó ṣí Bíbélì yín wò. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ owó fi pọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹ má bínú.

Ohun tẹ́ ẹ máa nílò kẹ́ ẹ tó gbéra

- Ọwọ́ tó mọ ẹ́ńjìnnì. Tẹ́ ò bá lè tú u kẹ́ ẹ tún un tò padà, ẹ lọ jókòó ti ẹni tó ń lọ ata láyìíká yín fún bí oṣù mẹ́ta, kẹ́ ẹ sanwó ìkọ́ṣẹ́ bí ọmọ iṣẹ́ gidi. Ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì kì í kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ bẹ́ríìnì.
- Owó ọ̀nà mẹ́ta tí ò gbọ́dọ̀ dà pọ̀: owó irinṣẹ́, owó tí òwò fi máa yí (dísẹ́lì, ọ́ìlì, bẹ́ẹ̀tì), àti owó oúnjẹ ilé yín fún oṣù mẹ́fà.
- NIN yín, nọ́ńbà fóònù tó ń ṣiṣẹ́, àti àkáǹtì báńkì tí ò sí lórúkọ ṣọ́ọ̀ṣì.
- Ìwé àdéhùn láàárín ẹ̀yin àti ṣọ́ọ̀ṣì tó rán yín. Ìwé gan-an, tẹ́ ẹ buwọ́ lù.
- Ìwé oníláìnì ńlá méjì, ọ̀kan fún owó tó wọlé tó jáde, ọ̀kan fún ẹ̀rọ (ìgbà tẹ́ ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì, ìgbà tẹ́ ẹ ra nǹkan sí i).
- Báàfù kan tàbí kóńgò kan tó jẹ́ irú èyí tí ìlú ń lò, tí ìdí ẹ̀ ò tíì wọnú.
- Ẹnì kan tí kì í ṣe ọkọ tàbí ìyàwó yín tó máa yẹ ìwé yín wò lóṣooṣù.
- Èdè Bàrìbá tó tó fi kí èèyàn, tó tó fi ka nọ́ńbà, tó tó fi sọ pé "owó yín rèé". Ìyókù á máa bọ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wò ó bóyá ìlú nílò ẹ̀

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ lọ gbé níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ó kéré tán kẹ́ ẹ rí ọjọ́ ọjà bíi mẹ́rin márùn-ún. Ẹ ka iye ẹ̀rọ ìlọ̀ tó wà. Ẹ bi àwọn ìyá pé níbo ni wọ́n ti ń lọ nǹkan, báwo ni wọ́n ṣe ń jìnnà tó, èló ni wọ́n ń san, kí ló ń bí wọn nínú níbẹ̀. Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn lówó wà nínú ẹ̀. Bóyá olówó ẹ̀rọ máa ń lọ sóko tí kò ní ṣí, bóyá ẹ̀rọ ẹ̀ ń da irin sínú èlùbọ́, bóyá òórùn ata ń wà nínú ìyẹ̀fun àgbàdo wọn.

Ẹ wo àsìkò pẹ̀lú. Èlùbọ́ máa ń pọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ọyẹ́ bá ń gbẹ iṣu tí wọ́n bọ̀, àgbàdo máa ń pọ̀ lẹ́yìn ìkórè, gbágùúdá wà yí po ọdún àmọ́ tí ilẹ̀ bá ti gan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, wíwú ẹ̀ máa ń le. Torí náà oṣù kan á wà tẹ́ ẹ ò ní ráyè jẹun, oṣù kan á sì wà tí ẹ̀ ń wo ojú ọ̀nà. Oṣù ojú ọ̀nà yẹn ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìṣirò yín.

Ibi tí wọ́n ti máa ń kọsẹ̀: wọ́n á yan òwò tó wù wọ́n tàbí èyí tí ẹnì kan fi ṣàlá. Òmíì á sáré lọ sídìí ohun tó ń lọ lọ́wọ́. Àpẹẹrẹ ni èso òrí, àwọn obìnrin Borgu máa ń ṣà á dáadáa, èèyàn lè rò pé kóun máa rà á kóun máa kó o lọ sókè òkun, àmọ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 ìjọba àpapọ̀ fi òfin oṣù mẹ́fà dè é pé ẹnì kankan ò gbọ́dọ̀ kó èso náà jáde láìtíì fún òróró ẹ̀. Ẹni tó kó gbogbo owó mísọ́n lé e lórí lọ́jọ́ yẹn ńkọ́? Ìlọ̀ ní tiẹ̀ ò ní sọ fún yín pé ìjọba fòfin dè é, èèyàn á jẹun lálẹ́.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé àwọn ìyá mẹ́ta tí wọn ò mọra wọn ti sọ ìṣòro kan náà fún yín láìjẹ́ pé ẹ̀yin lẹ fi sí wọn lẹ́nu? Ṣé ẹ lè kọ iye báàfù tó máa wọlé lóòjọ́ nínú oṣù tí nǹkan tutù jù? Tẹ́ ò bá lè kọ ọ́, ẹ má tíì ra ẹ́ńjìnnì.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ya owó sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ sì mọ ẹni tó ni ẹ̀rọ

Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ta yín lọ́rẹ ló ń pa òwò mísọ́n jù. Torí pé ọ̀fẹ́ ni, kò sẹ́ni tó ń kà á mọ́ owó, ẹ̀yin náà á wá máa lọ nǹkan ní iye tó kéré ju ti gbogbo ìlú lọ, ẹ ò ní mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì lẹ̀ ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tó bá kú lẹ máa tó mọ̀.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe nìyí. Ká ní iye tí ẹ̀rọ àti ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ń lọ lọ́jà jẹ́ ₦900,000. Ẹ kọ ₦900,000 sínú ìwé bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ rà á. Ká ní ẹ fẹ́ kó lo ọdún 5, kẹ́ ẹ sì máa ṣiṣẹ́ ọjọ́ 250 lọ́dún, ọjọ́ 1,250 nìyẹn, tẹ́ ẹ bá pín in, ₦720 lóòjọ́. Àmọ́ ẹ̀yin náà mọ Nàìjíríà, iye tẹ́ ẹ rà á lónìí kọ́ ni wọ́n máa tà á lọ́dún márùn-ún sí i, torí náà ẹ máa yọ ₦1,500 lóòjọ́ sápò kan tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn, bó tiẹ̀ jẹ́ pé pásítọ̀ àgbà ń bọ̀ wá kí yín. (Owó àlejò, ẹ mú un látinú owó ilé yín o.)

Lẹ́yìn náà, ìwé àdéhùn. Ẹ jókòó ti àwọn tó rán yín kẹ́ ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè yìí lórí ìwé: Ta ló ni ẹ̀rọ? Tí wọ́n bá gbé mísọ́nárì lọ síbòmíì, ta ni wọ́n máa fà á lé lọ́wọ́? Tí èrè bá wà, ta ló ń mú èló nínú ẹ̀? Tó bá jẹ gbèsè, ta ló ń san án? Ara máa ń ti àwa onígbàgbọ́ láti béèrè nǹkan báyìí, a máa ń rò pé ìfẹ́ á yanjú ẹ̀. Ìfẹ́ náà ló máa bàjẹ́ tí ò bá sí nínú ìwé.

Ọ̀rọ̀ ìdámẹ́wàá: inú èrè ni kẹ́ ẹ ti yọ ọ́, lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yọ dísẹ́lì, owó òṣìṣẹ́ àti àtúnṣe. Mo ti rí àwọn tó ń yọ ọ́ nínú gbogbo owó tó wọ dúrọ́ọ̀ lálaalẹ́, wọ́n ń fi owó dísẹ́lì ọ̀la san ìdámẹ́wàá, wọ́n á wá máa yá owó ra dísẹ́lì láàárọ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: tí ẹnì kan bá jí yín lóru kó ní kẹ́ ẹ sọ iye tó wà nínú àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣé ẹ lè sọ ọ́ láìpa wọ́n pọ̀?

Ìgbésẹ̀ 3: Ìwé ìjọba, àti ẹnu ọ̀nà ọba

Ẹ forúkọ òwò sílẹ̀ ní CAC, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò àti kọ́ńpìnnì sílẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa ṣe é. Orúkọ òwò lásán tó fún ilé ìlọ̀. Tó bá tóbi sí i, òfin CAMA ti ọdún 2020, ìyẹn òfin tó dá lórí kọ́ńpìnnì, gba ẹnì kan ṣoṣo láyè láti dá kọ́ńpìnnì aládàáni sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ yẹra fún ni kẹ́ ẹ máa ṣòwò lábẹ́ ìwé ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, ti Incorporated Trustees, abẹ́ Part F òfin yẹn ló wà, kò sì fàyè gbà á pé kí wọ́n máa pín èrè fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Yàtọ̀ síyẹn, gbèsè òwò á wá di gbèsè ìjọ. Ẹ ya á.

Tó bá jẹ́ òdìkejì bọ́dà lẹ ń lọ, Nikki tàbí Parakou, èèyàn kan náà ni àwọn Bàrìbá ibẹ̀ àmọ́ òfin Benin lẹ máa tẹ̀ lé, CAC ò dé bẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó gbé ẹ̀rọ wọ̀lú, ẹ lọ rí ọba, ẹ lọ kí Lèmọ́mù, ẹ lọ rí ìyálọ́jà. Ẹ mú ẹnì kan tó gbọ́ èdè wọn dání. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí: "Kábíyèsí, onígbàgbọ́ ni mí, ṣọ́ọ̀ṣì mi mọ̀ pé mo wá síbí, iṣẹ́ ìlọ̀ ni mo fẹ́ máa ṣe, gbogbo èèyàn ni mo máa lọ̀ ọ́ fún, mi ò ní fipá mú ẹnikẹ́ni wá sínú ẹ̀sìn mi, tí ẹnì kan bá sì bi mí léèrè ohun tí mo gbà gbọ́ mo máa sọ fún un." Kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí wọ́n ti máa ń kọsẹ̀: àwọn kan máa ń fi òwò bojú. Wọ́n á sọ fún ìlú pé ìṣòwò lásán làwọn bá wá, wọ́n á máa kọ lẹ́tà sí ṣọ́ọ̀ṣì pé àwọn ti wọlé sáàárín àwọn tí ò mọ Kírísítì, lẹ́tà náà á bọ́ sórí Facebook, ọmọ ìlú kan tó wà ní Ìlọrin á rí i. Ẹ̀yin náà ẹ ro bó ṣe máa parí. Ẹ má kọ nǹkan kan nípa ìlú tẹ́ ò lè kà sétí ọba ìlú.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ìwé CAC wà lára ògiri, risíìtì lẹ́fì lókàá gọ́fúmẹ́ǹtì wà nínú fáìlì, ìwé ilẹ̀ ní ìbuwọ́lùwé ẹlẹ́rìí méjì, ọmọdé tó ń kọjá lójú ọ̀nà sì mọ̀ pé onígbàgbọ́ ló ni ilé ìlọ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ gbé ẹ̀rọ kalẹ̀

Ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálásí, ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé. Ariwo ẹ́ńjìnnì nígbà ìrun kì í ṣe ohun tí àforíjì lè tán. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ pa á nígbà tí wọ́n bá ń lọ kírun, Sunday tiyín náà ẹ kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé ẹ ò ní ṣí. Nígbà ààwẹ̀ Ramadan, àsìkò tí wọ́n ń gbé nǹkan wá á yí padà, wọ́n á máa wá lọ́sàn-án láti fi ṣe ìṣínu, ẹ yí àsìkò tiyín tẹ̀ lé e.

Bẹ́ẹ̀tì: ẹ ní kí wéldà fi irin bò ó. Mo tún un sọ, ẹ fi irin bò ó. Ìborùn àti híjáàbù máa ń fẹ́, ọmọ máa ń sáré, bẹ́ẹ̀tì ò sì mọ ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni.

Omi gbágùúdá: tẹ́ ẹ bá ń rin gbágùúdá, tẹ́ ẹ sì ní jáàkì tí wọ́n fi ń fún un, omi tó ń ṣàn jáde lára ẹ̀ ní oró. Ewúrẹ́ tó bá mu ún lè kú, koríko á gbẹ, tó bá ṣàn wọ odò ẹja á kú. Ẹ gbẹ́ kòtò fún un, kó jìnnà sí kànga tó mítà 30 ó kéré tán, kẹ́ ẹ sì fi igi bò ó. Ewúrẹ́ onílé kan tó bá kú lẹ́yìn ilé ẹ̀rọ yín lè ba iṣẹ́ ọdún kan jẹ́. Èèpo ẹ̀, ẹ sá a kó gbẹ dáadáa, àwọn tó ń sin ewúrẹ́ á wá kó o.

Irin méjì tó ń lọ nǹkan nínú ẹ̀rọ, tó bá jẹ́ tuntun, ẹ kọ́kọ́ fi eèrí lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta kẹ́ ẹ dà á nù, kí irin má bàa bọ́ sínú oúnjẹ èèyàn. Tí agbára yín bá ká ẹ̀rọ méjì, ẹ ya ata sọ́tọ̀. Tí ò bá ká a, gbígbẹ láàárọ̀, tútù lọ́sàn-án, ata nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn náà fífọ̀. Àmàlà tó ń ta lẹ́nu, kò sẹ́ni tó ń gbàgbé ilé ẹ̀rọ tí èlùbọ́ ẹ̀ ti wá.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ da lítà dísẹ́lì kan sí i, kẹ́ ẹ ka iye báàfù tó lọ̀ kó tó kú. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀rọ. Lóṣooṣù lẹ máa tún un ṣe, ọjọ́ tí iye yẹn bá já wálẹ̀, nǹkan kan ti ń bàjẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì tàbí ẹnì kan ti ń jí dísẹ́lì.

Ìgbésẹ̀ 5: Iye owó, òṣùwọ̀n àti àwìn

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Àpẹẹrẹ ni o, ẹ fi ti ìlú yín sí i:

Dísẹ́lì ₦6,000. Ọmọ iṣẹ́ ₦4,000. Àtúnṣe ₦1,500. Àpò ẹ́ńjìnnì tuntun ₦1,500. Ilẹ̀ àti lẹ́fì ₦500. Owó iṣẹ́ tiyín ₦4,500. Gbogbo ẹ̀ ₦18,000 lóòjọ́.

Tí báàfù kan bá jẹ́ ₦600, ẹ gbọ́dọ̀ lọ báàfù 30 kẹ́ ẹ tó dọ́gba. Tó bá di oṣù tó tutù, tí 23 ló ń wọlé, ₦13,800 nìyẹn, dísẹ́lì á wá sí bíi ₦4,600, tẹ́ ẹ bá san ìyókù bó ṣe wà, ₦1,700 péré ló máa ṣẹ́ kù fún ẹ̀yin dípò ₦4,500. Ẹ lè fara dà á? Ìdí tí mo ṣe ní kẹ́ ẹ kó owó oúnjẹ oṣù mẹ́fà dání rèé. Ẹ kíyè sí i pé owó iṣẹ́ tiyín wà nínú ẹ̀ o. Mísọ́nárì tó bá ń sọ pé òun ò gba nǹkan kan, á máa mú un nínú dúrọ́ọ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún, kò sì ní mọ iye tó mú.

Iye yín kò gbọ́dọ̀ fi bẹ́ẹ̀ kéré sí ti àwọn tẹ́ ẹ bá níbẹ̀. Àwọn kan rò pé ìfẹ́ Kírísítì ni pé káwọn lọ̀ ọ́ ní ìdajì owó. Baba kan wà nígboro tó ń fi ẹ̀rọ kan ṣoṣo tọ́ ọmọ márùn-ún, owó ọ̀rẹ́ láti Ìbàdàn lẹ fi ń lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìhìnrere wo lẹ fẹ́ sọ fún un? Ohun tẹ́ ẹ máa fi bá a díje ni kẹ́ ẹ ṣí lásìkò, kí ìyẹ̀fun yín kúnná, kí òṣùwọ̀n yín tọ́.

Òṣùwọ̀n yẹn gan-an. Òwe 11:1 ti sọ ojú tí Olúwa fi ń wo òṣùwọ̀n èké. Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́jà: wọ́n á tẹ ìdí kóńgò wọnú, tí wọ́n bá ń rà wọ́n á rọ ọ́ kó yọ òkè, tí wọ́n bá ń tà wọ́n á fọwọ́ gé e lórí. Nílé ìlọ̀, jìbìtì ẹ̀ ni kí ìyẹ̀fun ṣẹ́ kù sínú ẹ̀rọ, kí ọmọ iṣẹ́ gbá a jọ nírọ̀lẹ́ kó lọ tà á. Ẹ ní kí wọ́n máa gbá ẹnu ẹ̀rọ sínú báàfù oníbàáfù lójú ẹ̀, kó tó kan ẹni tó kàn. Ó ń fi àkókò ṣòfò, mo mọ̀, ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn ìyá máa fi júwe ilé ẹ̀rọ yín fún ara wọn nìyẹn.

Àwìn ńkọ́? Ẹ má fún ẹnikẹ́ni láwìn, àti pásítọ̀, àti ìyàwó ọba, àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàgbọ́. Tí ẹnì kan bá jẹ yín ní gbèsè, á bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà ẹ̀yìn kọjá, ẹ wá pàdánù owó, ẹ pàdánù èèyàn. Ṣùgbọ́n bá a bá ń sunkún, a máa ń ríran: opó á wá, ìyá tí ọmọ ẹ̀ wà ní ọsibítù á wá. Fún àwọn yẹn, ẹ ya àpò àánú sọ́tọ̀ nínú èrè oṣù tó kọjá. Tí ìyá náà bá dé, ẹ lọ̀ ọ́ fún un, ẹ mú ₦600 nínú àpò àánú kẹ́ ẹ jù ú sínú dúrọ́ọ̀, ẹ kọ ọ́. Kò jẹ yín ní gbèsè, òwò ò sì jẹ gbèsè. Tí àpò àánú bá tán, ó tán títí di oṣù tó ń bọ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: lálẹ́, ẹ ka báàfù tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀, ẹ sọ ọ́ di iye owó, ẹ ka owó ọwọ́ àti tiránsífà pọ̀. Ó gbọ́dọ̀ bára mu. Tí ₦600 bá dín, ẹ wá a lóru yẹn, ẹ má sọ pé Ọlọ́run á dá a padà.

Ìgbésẹ̀ 6: Òṣìṣẹ́

Ọmọ ìlú ni kẹ́ ẹ gbà. Ẹ má kó àwọn ọmọ ìjọ láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá máa tẹ ẹ́ńjìnnì, ìlú á ní ẹ wá fi iṣẹ́ ṣe ara yín lóore. Ẹ má sì fi ẹ̀sìn ṣe òṣùwọ̀n ẹni tẹ́ ẹ máa gbà. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ máa gbàdúrà kẹ́ ẹ tó ṣíṣẹ́, ẹ ṣe é, kí ẹni tí ò fẹ́ wà níbẹ̀ mọ̀ pé òun ò ní pàdánù kọ́bọ̀ kan.

Owó wọn: lálẹ́ tàbí ní ìparí ọ̀sẹ̀, láìyẹ̀. Léfítíkù 19:13 ní kí owó alágbàṣe má sùn sọ́wọ́ ẹni mọ́jú. Mo mọ àwọn ilé iṣẹ́ onígbàgbọ́ tí ìsìn òwúrọ̀ wọn ò yẹ̀, tí owó oṣù wọn sì ń pẹ́ nígbà gbogbo. Kẹ́ ẹ kúkú má ṣe ìsìn.

Ẹ kọ́ ọmọ iṣẹ́ ní gbogbo ẹ̀, àti àtúnṣe, àti ìwé owó. Ìbẹ̀rù tó máa ń mú wa ni pé tó bá mọ̀ ọ́n tán á lọ dá tiẹ̀ sílẹ̀. Kó lọ dá a sílẹ̀ nígbà yẹn. Ìlú wá ní ẹ̀rọ méjì tó ń fòótọ́ lọ nǹkan.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: lẹ́yìn ọdún kan, ẹ ní kó tú ẹ́ńjìnnì kó tò ó padà lójú yín láìsọ̀rọ̀ sí i.

Ìgbésẹ̀ 7: Ìhìnrere gan-an

Ìyá tó dúró de gbágùúdá ẹ̀ ò lè lọ. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù fún un nígbà yẹn, ẹ ti tì í mọ́gun ilé nìyẹn, á gbọ́ ọ torí kò rọ́nà lọ, tó bá padà ẹ̀rọ ibòmíì ló máa lọ. Ẹ̀yin náà ẹ wo Pọ́ọ̀lù ní Kọ́ríńtì, Ìṣe 18: ẹsẹ 3 ní ó ń bá Àkúílà àti Pírísílà ṣiṣẹ́ àgọ́, ẹsẹ 4 ní lọ́jọọjọ́ ìsinmi ó ń bá àwọn èèyàn fọ̀rọ̀ wérọ̀ nínú sínágọ́gù. Ibi iṣẹ́ wà, ibi ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tó sì ń dágbére fún àwọn alàgbà Éfésù ní orí 20, ọwọ́ ara ẹ̀ tó fi ṣiṣẹ́ ló nà sí wọn.

Torí náà:

1. Kò sí sípíkà tó ń ké orin ẹ̀mí nílé ìlọ̀, kò sí ìwé pélébé lórí tábìlì owó. Tí wọ́n bá bi yín léèrè, ẹ dáhùn ní ṣókí, ẹ ní kí wọ́n wá sílé yín tó bá wù wọ́n.
2. Ẹ ya ìrọ̀lẹ́ méjì lọ́sẹ̀ sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ pa ẹ̀rọ lásìkò, kẹ́ ẹ lọ kí àwọn èèyàn. Ìsọmọlórúkọ, òkú, àìsàn, ẹ má pàdánù ẹ̀. Àwọn tó gbọ́ iṣẹ́ jù ló máa ń ṣubú níbí: òwò á gbà wọ́n lọ́wọ́ pátápátá, ọdún mẹ́ta á kọjá, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n gbà gbọ́.
3. Ẹni tó ń wá sípàdé yín ń san ₦600 bíi gbogbo èèyàn.
4. Tí ẹnì kan bá gbàgbọ́, ẹ má gbà á síṣẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kó pẹ́. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìlú á ní ẹ fowó rà á ni, òun náà ò sì ní mọ èyí tó gbà gbọ́, Jésù tàbí owó oṣù.
5. Ọmọ ọlọ́mọ, ẹ má kọ́ ọ ní nǹkan kan láìjẹ́ pé bàbá àti ìyá ẹ̀ mọ̀. Section 38 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fún àgbàlagbà lómìnira láti yí ẹ̀sìn ẹ̀ padà, ó fún ẹ̀yin náà lómìnira láti sọ tiyín. Kò fún yín láyè láti tan ọmọ kékeré.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé ẹnì kan ti wá sílé yín fúnra ẹ̀, láìgbé nǹkan ìlọ̀ dání, láti wá bi yín ní nǹkan? Ṣé Lèmọ́mù ṣì ń rán ọmọ ẹ̀ wá lọ àgbàdo? Méjèèjì ló yẹ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni.

Ìgbésẹ̀ 8: Ìwé oṣooṣù, àti bẹ́ ẹ ṣe máa kúrò níbẹ̀

Ìwé kan ṣoṣo lẹ máa fi ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù. Àwọn tó ń ṣe irú mísọ́n yìí káàkiri ayé (ìpàdé Lausanne, ti àwọn onígbàgbọ́ tó ń jíròrò bí ìhìnrere ṣe máa dé gbogbo ayé, èyí tó wáyé ní Pattaya, ní Thailand, lọ́dún 2004 ní ìgbìmọ̀ kan tó jókòó lé e lórí) máa ń wo èrè mẹ́rin: owó, àwọn èèyàn, ilẹ̀ àti omi, ìhìnrere. Ẹ kọ ìlà méjì méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iye tó wọlé tó jáde. Ta ló kọ́ṣẹ́, ta ni àpò àánú ràn lọ́wọ́ (ẹ má dárúkọ). Báwo ni kòtò omi gbágùúdá. Àwọn wo lẹ lọ kí. Tí ìlà owó bá kún tí ti ìhìnrere ṣófo fún oṣù mẹ́fà, ẹ pe ara yín jókòó, tó bá sì jẹ́ òdìkejì, ẹ pe ara yín jókòó bákan náà.

Láti ọdún kẹta, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tẹ́ ẹ máa tà á fún. Títà ni mo sọ, kẹ́ ẹ má fi tọrẹ: ọmọ iṣẹ́ yín, tàbí ẹgbẹ́ àwọn ìyá tó ń yan gàrí, kí wọ́n máa san án díẹ̀díẹ̀ látinú èrè, pẹ̀lú ìwé. Owó yẹn lẹ máa fi ra ẹ̀rọ fún ìlú tó kàn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé: ẹ lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má pe fóònù wọn. Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ wo ìwé owó àti owó tó wà nílẹ̀, ẹ wo bóyá wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, ẹ wo àpò ẹ́ńjìnnì bóyá ₦1,500 ń wọ ibẹ̀ lójoojúmọ́. Tó bá bára mu, ẹ tà á. Tí ò bá bára mu, ẹ padà sí Ìgbésẹ̀ 6.